Láníhùn àti Bọ́ọ̀lù Ìkẹyìn

Ogún ọdún gbáko ni Láníhùn fi lóṣòó fún ìlú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń bẹ ẹnikẹ́ni o. Eré kan ni àwọn ará Òkè-Ìrẹ́ máa ń bá àwọn ará Ìsàlẹ̀-Omi ṣe lọ́dọọdún lẹ́yìn ìkórè, tí wọ́n ń pè ní jùúnlù. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi oje igi ìrẹ́ ṣe, ẹni tó kọjú sí i á fi kùmọ̀ lù ú. Bí bọ́ọ̀lù náà bá balẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá a mú, ẹni tó lù ú jẹ ayò. Bí kùmọ̀ bá sì tàsé rẹ̀, ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn olùlù ni yóò fọwọ́ gbà á. Ipò Láníhùn nìyẹn. Ìjókòó ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fìdí kanlẹ̀.

Iṣẹ́ aláìlọ́pẹ́ gbáà ni. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù ni àwọn obìnrin ń kì, ẹni tó lù ú ni àwọn ọmọdé ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ẹni tó wà ní ìjókòó, ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ìlú ń rántí ìyá tó bí i. Ìka mẹ́ta ló ti wọ́ lọ́wọ́ Láníhùn. Tó bá fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ a dún, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa béèrè pé ta ló ń ṣẹ́ igi ìdáná. Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún.

Àṣà kan wà tó ń kó àìsùn bá a lọ́dún náà. Ẹni tó bá fi ìjókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìlú borí, òun ni yóò yan ẹni tí yóò gbà á, yóò sì máa bá àwọn àgbà eré jókòó lábẹ́ igi ọdán títí ayé rẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun ìlú, ilé rẹ̀ ló ń lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀ eré mọ́. Wọ́n ti sọ fún Láníhùn pé ọdún yìí ni ìkẹyìn rẹ̀. Ogún ọdún ìyà, ọ̀sán ọjọ́ kan ni yóò sọ ohun tí yóò dà.

Ògúndoyin tó ń ju bọ́ọ̀lù ni olórí wọn. Òun ló mú Ọdẹ́yalé, ọmọ ọdẹ tó mọ igi í gùn bí ọ̀bọ, wá ṣe alóre. Orí ìrókò tó wà létí pápá ni Ọdẹ́yalé ń wà, tó ń wo ibi tí olùlù kọjú sí, tó sì ń ké sí àwọn ará rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò dúró dè. Àrà tuntun ni, ó sì gbè wọ́n púpọ̀ lọ́jọ́ eré ọdún náà. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Láníhùn.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó ku bọ́ọ̀lù kan. Òkè-Ìrẹ́ fi ayò kan ṣíwájú, ṣùgbọ́n ayò méjì ni wọ́n ń ka bọ́ọ̀lù ìkẹyìn sí. Láògún, akọni Ìsàlẹ̀-Omi, ló di kùmọ̀ mú. Ọdẹ́yalé ké láti orí igi pé ọwọ́ ọ̀tún ni. Lóòótọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni Láògún kọ ojú àti èjìká sí. Gbogbo wọn sáré lọ sọ́tùn-ún.

Láníhùn kò wojú, kò wo èjìká. Níbi tó lóṣòó sí, ẹsẹ̀ olùlù ló súnmọ́ ojú rẹ̀ jù. Ó rí i pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Láògún ti yí sí òsì, tó sì ń walẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí eré dúró, ó rọra lọ bá Ògúndoyin, ó sì sọ fún un létí pé òsì ni bọ́ọ̀lù yìí ń lọ.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni Ògúndoyin wí. “Ọdẹ́yalé ń rí gbogbo pápá títí dé odò. Ẹ̀yìn Láògún nìkan lẹ̀yin ń rí.”

“N kò ní kí o kó gbogbo wọn padà. Ẹnì kan péré ni mo tọrọ. Jẹ́ kí Ṣówùnmí, tó lè sáré jù nínú àwọn ọmọ wa, dúró síbi ebè ẹ̀pà lósì lọ́hùn-ún.”

“Bí bọ́ọ̀lù bá wá balẹ̀ lọ́tùn-ún, níbi tó yẹ kí Ṣówùnmí wà ńkọ́?”

“Ẹ sọ pé Láníhùn ló pa ìlú. N kò ní jiyàn.”

Ògúndoyin wo ìka wíwọ́ mẹ́ta náà, ojú tì í díẹ̀, ó sì gbà. Láògún rí ẹnì kan ṣoṣo tó ń lọ sósì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò rò pé apá ẹnì kan lè ká ibẹ̀.

Ògúndoyin ju bọ́ọ̀lù. Kùmọ̀ bà á, bọ́ọ̀lù sì gba òsì lọ fíà. Ṣówùnmí sáré títí, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣubú yakata sáàárín ebè ẹ̀pà, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, bọ́ọ̀lù wà láyà rẹ̀.

Ariwo sọ. Láníhùn fìdí kanlẹ̀ níbi tí kò ti fìdí kanlẹ̀ rí láti ogún ọdún, ó mí kanlẹ̀, ara sì tù ú débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹrù tó ti ń gbé kiri láti àárọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́yalé ti wá bá a, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun rí orí gbogbo ènìyàn, òun rí odò, òun rí oko ẹ̀yìn odò. Kí ni Bàbá wá rí?

“Ẹsẹ̀ ni mo rí,” ni Láníhùn dá a lóhùn. “Ojú a máa tanni, èjìká a máa tanni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi gbogbo agbára lu nǹkan, ó di dandan kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ síhà ibi tó ní lọ́kàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò níbí kí n tó mọ̀ ọ́n.”

Nígbà tí wọ́n ní kó yan ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀, Ọdẹ́yalé ló nawọ́ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lóṣòó wò, ó sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé ohun tó wà níbẹ̀ kò hàn lórí ìrókò. Wọ́n mú Láníhùn lọ sábẹ́ igi ọdán, ọ̀rọ̀ náà sì di òwe tí àwọn àgbà ń pa títí dòní pé: ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.