Èéfín tí Ọdẹ́jìnmí kò gbóòórùn rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn ọdẹ, kí ẹni tó bá ń wúkọ́ nínú yín jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ará Òkè-Agbọ̀n ni mo fẹ́ sọ. Ọdẹ ni baba rẹ̀, ọdẹ ni baba tó bí baba rẹ̀, òun náà sì mọ ìbọn yìn ju bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ lọ. Ohunkóhun tó bá ń dùn ún, ìbọn ló kọ́kọ́ máa ń wò. N kò bú u o. Bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ tó bá pa òyà mẹ́fà wálé, ẹ̀yin náà á kí i kú iṣẹ́.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a tọ́jú ẹran. Òun ló ń sun irun ara ẹran náà, òun ló ń yan án, òun ló sì ń tà á. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́ta tí àyà Àwẹ̀ró ti ń han, tí ikọ́ sì ti mú un. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, orí ìjókòó ló ti ń sùn, á fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ìyẹn fetí sí àyà rẹ̀, ó mi orí, ó ní: "Bàbá, èéfín ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró ìyàwó yín jẹ́. Ẹ wá ibi tó ti ń wá, kí ẹ dá a dúró. Oògùn nìkan kò lè ṣe é."

Ẹlòmíràn ì bá lọ wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní tirẹ̀, ìbọn ló gbé. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ pé ẹranko kan wà nínú Igbó Èémí tó ń tu èéfín lẹ́nu, ó sì dá a lójú pé ẹranko náà ni ọ̀tá òun.

Àwẹ̀ró ìyá Ọdẹ́kúnlé wò ó títí. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́kúnlé, ẹ má pẹ́ o. Èémí mi kò pọ̀ mọ́." Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́jìnmí wọra, ó sì ń gbọ́ ọ létí ní gbogbo ọ̀nà.

Igbó Èémí kì í ṣe igbó lásán. Àwọn igi ibẹ̀ ń mí, ara wọn ń wú, ó sì ń rọlẹ̀, bí ikùn ẹni tó sùn. Létí igbó, ewé tutù yọ̀yọ̀. Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe ń wọlé sí i ni ewé ń dúdú sí i, àwọn ẹyẹ sì ń wúkọ́ kí wọ́n tó kọrin. Nígbà tí oòrùn kàn án látàrí, ó rí obìnrin iwin kan tó ga bí ìrókò, tí ihò imú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ìkòkò. Ó mú àkísà tútù lọ́wọ́, ó ń nu ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbéèémíró ni orúkọ rẹ̀.

"Ọmọ ènìyàn, kí lo gbé ìbọn wá ṣe níbi tí a ti ń tọ́jú èémí?"

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ẹranko eléèéfín ni mo wá pa. Ó fẹ́ gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi."

"Àwọn igi wọ̀nyí ló ń bá ẹ̀yin ará Òkè-Agbọ̀n fọ èémí yín. Láti àárọ̀ ni mo ti ń nu ewé wọn, kò tán. Ó dáa. N ó fi ẹranko náà hàn ọ́, bí o bá lè dá oúnjẹ tó ń jẹ mọ̀."

Ó gbé akèrègbè márùn-ún jáde, ó ṣí àkọ́kọ́. Ọdẹ́jìnmí fa imú. "Èéfín pápá nìyí! Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi ló ń sun ún lẹ́ẹ̀rùn kí òyà lè sá jáde." Ó gbóòórùn ìkejì. "Ẹ̀rọ ìlọgbàdo Láníhùn aládùúgbò wa! Ó ti gbó, kò sì tún un ṣe." Ìkẹta, jẹnẹrétọ̀ àwọn aránṣọ ni. Ìkẹrin, ọ̀rá tí wọ́n ń jó lórí àkìtàn ẹ̀yìn ọjà ni. Orúkọ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ náà ń dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin, ó sì ń búra pé òun á gbé ìbọn lọ sílé wọn.

Ó gbóòórùn ìkarùn-ún. Ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ìyá, kò sí nǹkan kan nínú èyí. Òfìfo ni."

Agbéèémíró kò rẹ́rìn-ín. Ó dojú akèrègbè náà délẹ̀. Èédú dúdú kìjikìji dà jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni wáyà tín-ínrín tó ti dípẹtà, irú èyí tó máa ń ṣẹ́kù bí táyà bá jó tán. Ọdẹ́jìnmí mọ̀ ọ́n. Irú wáyà yẹn ni Àwẹ̀ró fi ń so ẹran kọ́ sókè ààrò. Táyà ni wọ́n fi ń sun irun ẹran nílé rẹ̀, nítorí pé iná rẹ̀ yára, irun a sì tán lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọdún mélòó?" ni iwin náà béèrè.

"Méjìdínlógún."

"Òórùn rẹ̀ ti mọ́ imú rẹ lára. Èyí ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo wọn."

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹranko náà yọ láàárín igi, ó tóbi, ó rí bí eérú, ó ti rẹ̀ ẹ́, okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn sókè. Agbéèémíró ní, "Yìn ín bí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí okùn ọrùn rẹ̀ ti wá."

Okùn èéfín ni. Ọdẹ́jìnmí tọ̀ ọ́ jáde nínú igbó, ó tọ̀ ọ́ kọjá odò, ó tọ̀ ọ́ kọjá ilé ẹ̀rọ Láníhùn. Ó ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kó kọjá ilé òun náà. Kò kọjá. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló dúró sí, níbi tí Àwẹ̀ró ti bẹ̀rẹ̀ sórí táyà tó ń jó, tó ń yí òyà fún oníbàárà, tí ikọ́ sì mú un débi tó fi di ògiri mú.

Ọdẹ́jìnmí ju ìbọn sílẹ̀, ó gbé ìkòkò omi, ó dà á lé iná náà.

"Bàbá Ọdẹ́kúnlé, kí lẹ ṣe yìí? Kí la fẹ́ fi sun irun ẹran?"

"Omi gbígbóná àti ọ̀bẹ. Èmi ni n ó máa fá a."

"Ó máa pẹ́ o."

"Jẹ́ kó pẹ́. Àwẹ̀ró, èmi ni mò ń ra táyà yẹn wálé fún ọ. Èmi ni." Ó sì sunkún níwájú oníbàárà, ojú kò tì í.

Ẹ̀dọ̀fóró Àwẹ̀ró kò padà sípò tán. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ó sùn. Ọdẹ́jìnmí jókòó tì í, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, kò fẹ́ dìde rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lọ bá Láníhùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, láìmú ìbọn dání. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kó tó mẹ́nu kan tiwọn. Láníhùn tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Àwọn ọdẹ kan kò sun pápá mọ́, àwọn kan sì ń fi í rẹ́rìn-ín títí dòní. Táyà tó kù lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ẹ̀fọ́ ni Àwẹ̀ró gbìn sínú rẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, kí ẹ tó dárúkọ ẹni tó ń fi èéfín pa yín, ẹ bọ́ ẹ̀wù ọrùn yín fún àlejò kó gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó bá sọ, ẹ má bá a jà.