Ìyàwó Inú Àkámọ́

Ọkùnrin kan wà ní Ìlọrà tí ó ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Èdè tí ó fi ń kọ ọ́ le. Èèyàn kò lè lo ohunkóhun níbẹ̀ láìkọ́kọ́ kéde irú ohun tí ó jẹ́, ibi tí a bá sì ti kéde rẹ̀ ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Èyí tí a bá kéde sínú àkámọ́, ìyẹn àmì méjì tí a fi ń ká àṣẹ mọ́, inú àkámọ́ náà ló ń gbé. Bí àkámọ́ bá ti pa dé, ó parí.

Ó mọ òfin yìí dunjú. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ láti gba iṣẹ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ẹ̀rín ló fi í rín. "Àwé, inú yàrá lo ti kéde rẹ̀, o wá ń pè é níta. Ta ni yóò dá ọ lóhùn?"

Obìnrin kan sì ń bá a gbé, Àwẹ̀ró. Ó ti bímọ fún ẹlòmíràn rí, ojú sì ń ti ọkùnrin náà láti mú un dé ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀. Wọn kò ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ rárá.

"Ìgbà wo lẹ máa mú mi délé yín?"

"Ìyàwó mi ni ọ́. Ṣebí èmi àti ìwọ mọ̀."

Àìsàn wá kọlu ọkùnrin náà, ohùn rẹ̀ sì lọ pátápátá. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló dí i lọ́nà.

"Ọkọ mi ni mo gbé ògì wá fún, mà."

"Ọkọ ta? Àbúrò mi ò níyàwó. Bóyá wọ́ọ̀dù kejì lẹ ń wá."

"Ẹ bi í, mà."

"Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó bu omi fún un. Ọkùnrin náà ń gbọ́ bàtà Àwẹ̀ró bí ó ti ń dún lọ, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó délé, ó pe Àwẹ̀ró láti yàrá dé ilé ìdáná. Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́.

Ọkùnrin yìí kò purọ́. Òótọ́ ló sọ, ibi tí ó ti sọ ọ́ ni kò tó. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ẹnì kan wà tí o fẹ́ràn, tí o kò tíì dárúkọ rẹ̀ lójú àwọn èèyàn rẹ. Dìde. Lọ sọ ọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ baba rẹ, nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ.