Ohùn Ẹ̀yìnkùlé ní Abẹ́-Odán

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Wọn kò bèèrè ilé tí a wò, wọn kò sì bèèrè ọmọ tí a fẹ́ sọ lórúkọ. Bí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi ni n ó ti sọ ọ́; n kò ní fi kún un, n kò sì ní yọ níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ní ọdún kẹta tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn, ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni Láwọyin káfíńtà àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, kó ẹrù wọn kúrò nínú ariwo ìgboro lọ sí Abẹ́-Odán, abúlé kan tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí ìlú. Igi bo abúlé náà tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ fi ń tutù lọ́sàn-án gangan. Yàrá méjì ni wọ́n háyà lọ́wọ́ Efúnyẹmí, opó arúgbó tó ń dá gbé inú ilé rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá náà fún wọn: "Bí ẹ bá gbọ́ ìpè láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ má ṣe dáhùn."

Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbọ́ ọ. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ohùn obìnrin kan a jáde láàárín igi: "Ìbídùn! Ìbídùn o!" A pè lẹ́ẹ̀mẹta, a sì dákẹ́. Ohùn náà dùn. Láwọyin rò pé aládùúgbò kan ló ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun.

Ọ̀sán gangan ni Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin. Bí ọmọ náà ti ń bọ́ sílẹ̀ ni ohùn náà pè. Láwọyin fò sókè lóde. "Ẹ gbọ́! Ìbídùn ni ọmọ mi! Àmútọ̀runwá ni!"

Efúnyẹmí, tó gbẹ̀bí ọmọ náà, yọjú sí i láti inú ilé. "Láwọyin, má ṣe sọ ọmọ yìí ní Ìbídùn."

"Ìyá, owó ilé ni mo san fún yín. Ṣé n ó tún san ti orúkọ ni?"

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ta ni o rò pé ó ń pè?"

"Aládùúgbò yín ni."

"Aládùúgbò wo? Ilé wo lo rí lẹ́yìn ilé yìí?"

Láwọyin yíjú wò. Igi ni, igi ni, títí ojú fi dá.

"Ohùn mi ni," ni ìyá náà wí. "Ohùn mi nígbà tí eyín mi ṣì pé. Ìbídùn ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó lọ já ewé ẹ̀kọ lẹ́yìn ilé, lọ́sàn-án. Mo pè é títí, kò jẹ́ mi. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo dákẹ́. Ohùn mi kò dákẹ́. Ọgbọ̀n ọdún nìyí tó ti ń wá ẹni tí yóò jẹ́ ẹ."

Láwọyin rẹ́rìn-ín, kò sì yí ọkàn padà.

Ní ọjọ́ kẹfà, Láwọyin ń fá pákó lójúde. Àwẹ̀ró jókòó tì í, ó gbé ọmọ lé èjìká, ọmọ ń ké. Ohùn náà pè. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná ló ti wá. Ẹkún dá mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, gbé orí nàró, ó yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ya ẹnu bí ẹni tí yóò jẹ́ ìpè. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Olówó orí mi, ẹ rí i?"

Láwọyin rí i. Irin ìfápákó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ keje ni ìsọmọlórúkọ, nítorí pé obìnrin ni ọmọ náà; ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, kí a má ṣe da méjèèjì pọ̀. Ní kùtùkùtù, àwọn ẹbí ti ìgboro dé. Wọ́n gbé omi àti oyin kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Láwọyin gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ní, "Láwọyin, orúkọ wo lo mú wá?"

Láwọyin wo àjà, ó wo ògiri, ó wo ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá, ẹ gbé omi náà kúrò. A kò ní sọ ọ́ lórúkọ níhìn-ín."

"Èwo tún nìyí? Kí ló ṣe ilé?"

"Mo ti wò ó ni, Bàbá."

Wọ́n pọn ọmọ náà láìlórúkọ, wọ́n kọjú sí Ìbàdàn. Efúnyẹmí sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró. Ohun tó bẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá sọ ọmọ náà lórúkọ tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí i sí òun létí, kí ohùn òun má baà kọ́ ọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tí ohun dídùn létí fẹ́ sún dé ibi tí kò wádìí, tó fẹ́ dáwọ́ lé ọ̀ràn ńlá láìwo ibi tí ó dúró lé. Láwọyin fẹ́ràn orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ó wo ilé, ó sì pinnu pé ọmọ òun kò ní jẹ́ orúkọ kankan nínú rẹ̀.