Ẹran Tó Ń Dí Odò

Odò abúlé ti gbẹ nígbà tí Adéwùsì ti Kánádà dé. Ó sọ fún àwọn ọdẹ pé ẹran kan wà lọ́hùn-ún tó jọ òkété ńlá, tó ń fi eyín gé igi láti dí odò. Àwọn olùwádìí rí i pé níbi tó bá dí, omi kì í tètè gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ẹja á sì pọ̀.

Àwọn ọdẹ bú sẹ́rìn-ín.

Adéwùsì ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin bàbá. Àìrìn jìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́."

"Wàá rí òmíràn pa," ni olórí ọdẹ wí. "Ṣé ó dùn lọ́bẹ̀?"

"Ládùúgbò wa, wọn kì í pa á, bàbá."

Baba wo odò gbígbẹ náà títí.

"Abájọ tá a fi ń rìn jìnnà ká tó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn tó wà nítòsí, a ti jẹ wọ́n tán."