Díìsìkì Tí A Fi Ń Jí Kọ̀ǹpútà

Ọkùnrin atẹ̀wé kan wà, ìdí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ló ti ń jẹun. Irú kọ̀ǹpútà yẹn, bó bá dákú, díìsìkì pẹlẹbẹ kan báyìí ló ń jí i. Inú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, tàbí inú irú rẹ̀ mìíràn, la sì ti ń ṣe díìsìkì ọ̀hún, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Ẹni tó máa ń bá a tún un ṣe wá lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní díìsìkì òfìfo kan, kí n ṣe èyí tí a ó fi jí i sílẹ̀, bó bá lọ dákú."

"Dákú kẹ̀? Ṣé ẹnu ẹ ò lè sọ rere ni? Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ geere! Ọlọ́run ò ní jẹ́ á rí i."

"Ọ̀gá, mi ò ṣépè o. Kò ní pẹ́ ju kéèyàn mu ẹ̀kọ lọ."

"Lọ ṣe é fún bàbá ẹ!"

Alátùn-únṣe rẹ́rìn-ín, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó yá, ìyá arúgbó kan wá. Òun nìkan ló kù tó mọ oríkì ìdílé wọn délẹ̀. Ó ń kì í, atẹ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, títí ó fi parí. Ìyá ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin mí, kí wọ́n kà á sí mi létí." Wọn ò tíì gbé e sórí pépà tí ìyá fi kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ọmọ ìyá wá gba iṣẹ́ wọn. Atẹ̀wé tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ dúdú. Ó gbá a. Ó gbàdúrà sí i. Ó ṣì dúdú.

Ó sáré lọ bá alátùn-únṣe. Ìyẹn ní, "Ọ̀gá, òkú kì í po oògùn tí yóò jí òun fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá irú rẹ̀ tó ṣì wà láàyè." Wọ́n wá gbogbo ìlú ká, àwọn èèyàn ti kó tiwọn dànù tipẹ́. Ìlú kejì ni wọ́n ti rí ọ̀kan, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe díìsìkì náà. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà fi jí, tí oríkì jáde lódindi, wọ́n ti bo ìyá mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rí i kì.

Ìwọ baálé ilé, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìyàwó rẹ bi ọ́ jẹ́jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣe ọ́, ta ni kí òun kọ́kọ́ pè, ibo ni ààlà ilẹ̀ yín dé. O ní ó fẹ́ pa ọ́. O tún pe ẹbí lé e lórí! Ikú mà mọ ọ̀nà ilé gbogbo wa, kò dúró de obìnrin kó wá júwe. Ẹnu rẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ lónìí. Dìde, lọ dá ìyàwó rẹ lóhùn.