Ìyá Ehoro àti Gbòǹgbò Bẹẹrẹ

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ rèé o!"
"Ààlọ̀! À ń gbọ́!"

Ìyá Ehoro àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé inú koríko bẹẹrẹ. Ọ̀dá dá, bẹẹrẹ gbẹ, iná sì jó o.

Ẹfọ̀n, aládùúgbò wọn, ní, "Ìyá, koríko ti kú, ẹ jẹ́ ká lọ." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ehoro gbẹ́ ilẹ̀, ó rí gbòǹgbò tútù. Ó dúró, bí ebi tilẹ̀ ń pa wọ́n. Àárọ̀ mẹ́ta ló fi kọrin, ẹ bá mi gbè é:

"Bẹẹrẹ, jí o!"
"Jí, jí, ilé wa!"

Lọ́jọ́ kẹta òjò rọ̀, gbòǹgbò àtijọ́ hu ewé tuntun. Ẹfọ̀n gbọ́ òórùn rẹ̀ lókèèrè, ó padà tẹkúntẹkún: "Ìyá, ibí ni wọ́n bí mi sí."

Ehoro ní, "Jẹ ewé, ọmọ mi. Fi gbòǹgbò sílẹ̀."

Báyìí ni ìyá mi pa á fún mi lábẹ́ òṣùpá.