Ọrọ́ Afè

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò kété, ó fò kètè, kò bà sórí igi, orí Afè ló bà lé, eku kékeré onílà lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tó rí pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ni Afè fẹ́ràn. Tó bá rí irú tí kò ní, á gé díẹ̀ wálé. Kì í gbìn ín lọ́jọ́ náà. Á tẹ́ ẹ sí ibòji kí ojú ibi tó gé lè gbẹ, á máa kọrin fún un. Ẹ gbè é:

Ọrọ́ mi, gbẹ o.
Jáńjálá, gbẹ!
Má jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́ o.
Jáńjálá, gbẹ!

Ẹmọ́ aládùúgbò rẹ̀ wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ń jẹ ìyẹn náà ni?" Ó tún padà wá, ó tún rẹ́rìn-ín. "Gbin àgbàdo bí ẹgbẹ́ rẹ!"

"Ó wù mí ni," Afè ń bá orin rẹ̀ lọ.

Ìgbà kẹta, eré ni Ẹmọ́ sá dé, Ejò ń lé e bọ̀! Afè fà á wọ àárín ọrọ́ tó ti gbìn yí ilé rẹ̀ ká, gba àlàfo tó mọ̀. Ejò ki orí bọ̀ ọ́, ẹ̀gún gún un létè. Ó gba ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gún gún un níkùn. Ó bá pọ́ṣẹ́, ó yí padà.

Ẹmọ́ ń mí hẹlẹ. "Afè, jọ̀ọ́, gé díẹ̀ fún mi, kí n lọ gbìn ín kíákíá."

"Kíákíá kẹ̀? Kọ́kọ́ kọ́ orin ná."

Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ẹ̀gún ọrọ́ gún mi létè. Ó gún mi àbí kò gún mi?

Kò gún yín!